Ilé Ọtí tí Kò Ní Omi: Ìtàn Stonewall àti Ìjà fún Ẹ̀tọ́

Ẹni tó bá ń gba òpópónà Christopher kọjá ní àdúgbò Greenwich Village, nílùú New York, lè rìn kọjá níwájú ilé náà láì bojú wò ó. Ilé kékeré ni, bíríkì ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀, kò ga, kò sì lẹ́wà ju àwọn ilé tó yí i ká lọ. Nọ́ńbà 51 àti 53 ni ojúlé rẹ̀. Síbẹ̀, bí oṣù kẹfà bá ti dé lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn a máa wá dúró níwájú rẹ̀. Àwọn kan á gbé òdòdó síbẹ̀, àwọn mìíràn á kàn dúró, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Stonewall Inn ni orúkọ rẹ̀. Ilé ọtí ni.

Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ilé dáadáa ni ìtàn rẹ̀ fi yẹ ní gbígbọ́. Ní ọdún 1969 tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kàn ká, ilé ọtí tí kò ní ìwé àṣẹ ni. Ọwọ́ àwọn ọ̀daràn ló wà. Ọtí tí wọ́n ti bu omi là ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kò sì sí omi ẹ̀rọ lẹ́yìn káńtà tí wọ́n lè fi fọ ife tí oníbàárà kan mu tán kí wọ́n tó bu ọtí sí i fún ẹlòmíràn. Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn fi ń sanwó kí wọ́n lè wọ irú ibẹ̀? Kí ló sì dé tí wọ́n fi dìde jà níbẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá dé? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì kan òfin, ó kan àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì kan ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn nígbà tí ìjọba bá sọ pé kò gbọdọ̀ sí ibì kan tí yóò ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó dà bíi tirẹ̀.

Ilé ẹṣin ni ilé méjèèjì nígbà tí wọ́n kọ́ wọn láàárín ọdún 1840 sí 1850. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì sọ wọ́n di ilé búrẹ́dì. Ní àwọn ọdún 1930, ilé oúnjẹ kan tí ń jẹ́ Bonnie's Stonewall Inn kó wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Iná jó inú ilé náà ní àwọn ọdún 1960, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọkùnrin kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Mafia fi gbà á. Wọn kò ná owó púpọ̀ sí i. Wọ́n kun ògiri ní dúdú, wọ́n fi pákó dí fèrèsé láti inú, wọ́n gbé ẹ̀rọ orin tí ń gba owó wẹ́wẹ́ sílé, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1967. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ń wá ni àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí a bí ní akọ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń múra tí wọ́n sì ń gbé ayé bí obìnrin. Àwọn oníṣòwò yìí kò fẹ́ràn wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ, ẹni tí kò ní ibòmíràn tí ó lè lọ kì í sì í yọ owó.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí ẹni mọ bí ayé ṣe rí fún wọn nígbà náà. Títí di ọdún 1961, kò sí ìpínlẹ̀ kan ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin méjì kì í ti í ṣe ọ̀ràn. Illinois ló kọ́kọ́ pa òfin náà rẹ́ lọ́dún yẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1953, Ààrẹ Eisenhower fi ọwọ́ sí àṣẹ kan tó mú kí ìjọba àpapọ̀ lè lé irú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ni Frank Kameny, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ka tí ń ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n lé e ní ọdún 1957. Ó pe ẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé ẹjọ́ náà sì kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 1961. Láti ìgbà náà lọ, ìjà ẹ̀tọ́ di iṣẹ́ ọkùnrin náà títí tó fi kú.

Àwọn dókítà ka ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí àìsàn ọpọlọ. Ọlọ́pàá a máa múra bí ará ìlú, a máa lọ tan àwọn ènìyàn jẹ nínú ọgbà ìtura àti nínú ilé ọtí, lẹ́yìn náà a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́. Bí ìwé ìròyìn bá tẹ orúkọ ẹni tí wọ́n mú jáde, ó lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, onílé lè lé e jáde, ẹbí sì lè kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì hùwà ibi sí ẹnikẹ́ni rí. Ibi tí wọ́n jókòó sí, àti ẹni tí wọ́n jókòó tì, ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ọtí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí nìkan. Ẹni tí kò lè mú olólùfẹ́ rẹ̀ lọ sílé, tí kò lè dì í lọ́wọ́ mú lójú títì, tí kò lè sọ irú ẹni tó jẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé ọtí ló ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà láyé. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n má pọ̀ náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo òfin ọtí láti tú wọn ká. Ní New York, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń fún ilé ọtí ní ìwé àṣẹ lè gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín bí wọ́n bá ní ilé rẹ̀ ti di ilé rúdurùdu. Bí ọkùnrin méjì bá sì ń jó pọ̀ tàbí tí wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, rúdurùdu ni wọ́n kà á sí. Oníṣòwò tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó sì bẹ̀rù òfin kò ní fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣeré. Báyìí ni òfin ṣe lé olóòótọ́ kúrò nínú ọjà, tí àwọn ọ̀daràn sì wá pàtẹ síbẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn náà káwọ́ gbera. Ní San Francisco, ilé ọtí kan wà tí ń jẹ́ Black Cat. Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ nítorí irú àwọn tí ń wá síbẹ̀, olówó ilé náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ California sì dájọ́ ní 1951 pé kò tọ́ kí wọ́n fìyà jẹ ilé ọtí kìkì nítorí pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń pàdé níbẹ̀. Nínú ilé ọtí yẹn kan náà ni olórin kan tí ń jẹ́ José Sarria ti ń kọrin, tó ń múra bí obìnrin, tó sì ń sọ fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe tijú ara wọn. Ní 1961, ó dupò ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco láì fi irú ẹni tó jẹ́ pamọ́. Kò wọlé, ṣùgbọ́n ìbò tó lé ní 5,000 ló rí gbà. Àwọn olóṣèlú ka ìbò náà, wọ́n sì rántí rẹ̀.

Ní New York, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ti lọ jókòó sídìí káńtà oúnjẹ tó wà fún àwọn òyìnbó nìkan ní Greensboro, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, wọ́n sì kọ̀ láti dìde. Dick Leitsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Mattachine wo àpẹẹrẹ yẹn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1966, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì, wọ́n pe àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n sì ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí èkejì, wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń ta ọtí pé àwọn jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn kò sì bá ìjà wá. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ti ti ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó dé. Ní ibi mìíràn, wọ́n kàn ta ọtí fún wọn. Ìgbà tí wọ́n dé ilé ọtí Julius', tí kò jìnnà sí Stonewall, ni ọkùnrin tí ń ta ọtí nà ọwọ́ tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife. Ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Fred McDarrah ya ọwọ́ yẹn lórí ife náà. Àwòrán yẹn ṣì wà dòní. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló wà lórí ife, ṣùgbọ́n gbogbo òfin ilẹ̀ náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí ni ayé tí Stonewall wọ̀ nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà a máa yọjú láti inú ihò ìlẹ̀kùn kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Bó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, dọ́là 3 ni owó ìwọlé. Àwọn olówó ilé náà sọ pé ẹgbẹ́ aládàáni ni, pé ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbé ọtí tirẹ̀ wá, kí wọ́n lè ríbi yẹ òfin ìwé àṣẹ sílẹ̀. Nítorí náà, oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sínú ìwé ńlá kan bó bá ń wọlé, orúkọ irọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ìwé náà. Yàrá méjì ló wà fún ijó. Ijó yìí ló ń fa àwọn ènìyàn wá, nítorí ilé tí ọkùnrin ti lè jó pẹ̀lú ọkùnrin ṣọ̀wọ́n ní ìlú náà. Lára àwọn tó ń wá ni àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn ti lé jáde nílé, tí wọ́n ń sùn nínú ọgbà kékeré tó wà ní òdìkejì títì. Fún wọn, ilé tí kò ní omi yìí ni wọ́n ń pè ní ilé.

Àwọn olówó ilé ọtí náà ń fún àwọn ọlọ́pàá àdúgbò ní owó déédéé. Owó yìí kò ní kí ọlọ́pàá má wá mọ́. Ohun tó ń rà ni pé kí wọ́n ránṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ tí èrò kò tíì pọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dé, ìmọ́lẹ̀ funfun á ṣàdédé tàn nínú ilé, àwọn tó ń jó á yara wọn sọ́tọ̀, ọlọ́pàá á mú ìwọ̀nba ènìyàn, wọ́n á gbé ọtí tó wà níta lọ, iṣẹ́ á sì padà bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń jẹ lára àwọn oníbàárà: ọ̀daràn ń jẹ, ọlọ́pàá ń jẹ, àwọn tó ń sanwó ìyà náà kò sì ní ẹni tí wọ́n lè fi ẹjọ́ sùn. Ta ni ẹni tí òfin pè ní ọ̀daràn yóò lọ bá pé ọlọ́pàá gba owó lọ́wọ́ òun?

Ní òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1969, ìmọ́lẹ̀ funfun náà tàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú òru ni. Ọlọ́pàá láti ọ́fíìsì mìíràn, tí ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Seymour Pine ṣáájú wọn, ló ya wọlé. Wọ́n ti kọ́kọ́ wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Nǹkan bí igba ènìyàn ló wà nínú ilé. Wọ́n tò wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ìdánimọ̀ wá, wọ́n sì fẹ́ mú àwọn tó wọ aṣọ obìnrin lọ sí ilé ìtura láti wo ara wọn. Lọ́jọ́ náà, àwọn kan kọ̀. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ náà kò lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n dúró sójú títì. Bí ẹnì kan bá jáde, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Èrò ń pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ́ obìnrin kan tó múra bí ọkùnrin jáde. Ó ń jà, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì fi kóńdó lù ú. Ó kígbe sí àwọn tó dúró, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Stormé DeLarverie, akọrin kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ni obìnrin náà. Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá lé ewúrẹ́ kan ògiri, yóò kọjú sí ẹni tó ń lé e. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èrò náà sọ lu ọlọ́pàá kì í ṣe òkúta. Owó wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n ń ju kọ́bọ̀ lù wọ́n, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá gbà nìyẹn, kí wọ́n máa gbà á. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ọlọ́pàá lójú ọ̀nà rí, tí wọ́n ti ní kó rí sí àwọn, yóò mọ bí ìbínú tó wà nínú kọ́bọ̀ wọ̀nyẹn ti pọ̀ tó.

Lẹ́yìn kọ́bọ̀, ìgò dé. Lẹ́yìn ìgò, bíríkì dé. Àwọn ọlọ́pàá sá padà sínú ilé ọtí tí wọ́n wá tì, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Village Voice kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Wọ́n tún ti wọ́ Dave Van Ronk wọlé, akọrin tó ń jẹun ní ilé oúnjẹ tó wà nítòsí kó tó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n wá mú. Àwọn tó wà níta fa òpó irin tí àwọn awakọ̀ ń sọ owó ìgbọ́kọ̀sí sí tu, wọ́n sì fi ń gbá ìlẹ̀kùn. Ẹnì kan ju iná wọlé. Ìgbà tí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ń pa ìjà ìgboro dé ni àwọn tó wà nínú ilé tó rí ọ̀nà jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sùn nínú ọgbà tò sójú títì níwájú àwọn ọlọ́pàá yìí, wọ́n di ara wọn lápá mú, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin ẹ̀sín. Ènìyàn 13 ni wọ́n mú lóru náà. Àwọn èrò tún padà wá ní òru kejì, wọ́n sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ni wàhálà náà fi ń lọ tó sì ń bọ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ju òkúta? Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí. Orúkọ Marsha P. Johnson, aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ayé bí obìnrin, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá, ṣùgbọ́n Marsha fúnra rẹ̀ sọ kó tó kú pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé. Iyì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Ohun tí òun àti Sylvia Rivera ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e ju òkúta lọ: wọ́n dá ẹgbẹ́ STAR sílẹ̀, wọ́n sì wá ilé fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sùn lójú títì, owó ara wọn ni wọ́n fi ń bọ́ wọn.

Ilé ọtí náà kò pẹ́ tó fi kú. Kí ọdún 1969 tó parí, wọ́n ti tì í. Àwọn ilé ìtajà onírúurú ló gba àyè rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó di ilé oúnjẹ, ó tún di ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Ọlọ́pàá náà kò sì jáwọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1970, Seymour Pine yìí kan náà tún ya wọ ilé ọtí mìíràn ní àdúgbò yẹn, ó sì kó ènìyàn 167. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà kan wà láàárín wọn tí ẹ̀rù ń bà pé wọn yóò dá òun padà sílé. Ó bẹ́ láti ojú fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì já lé orí irin ṣóṣóró tí wọ́n fi ṣe ọgbà. Kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti gé irin náà kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rù tó lè mú ènìyàn bẹ́ láti ojú fèrèsé kì í ṣe ẹ̀rù ẹjọ́ lásán. Ẹ̀rù pé ayé òun ti parí bí orúkọ òun bá jáde ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá náà láti fẹ̀hónú hàn.

Ohun tó yàtọ̀ nìyẹn: wọ́n ti wá ní ẹgbẹ́ tí ó lè pe èrò jọ. Ìgbà tí wọ́n ṣígun wọ Stonewall kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí irú àwọn ènìyàn yìí kọjú ìjà sí ọlọ́pàá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, ó ṣẹlẹ̀ ní ilé oúnjẹ Compton's ní San Francisco. Ní oṣù kejì ọdún 1967, àwọn ènìyàn fẹ̀hónú hàn níwájú ilé ọtí kan tí òun náà ń jẹ́ Black Cat ní Los Angeles. Ìwọ̀nba ènìyàn ló rántí wọn. Kí ló wá jẹ́ kí ti Stonewall wà títí? Craig Rodwell ni. Ó wà lára àwọn tó bá Dick Leitsch lọ sí Julius' ní 1966, òun ló sì ni ilé ìtàwé kékeré kan ní àdúgbò náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ní ìpàdé kan ní Philadelphia, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n máa rìn yíká ìlú lọ́dọọdún ní ìrántí òru náà. Ọmọ Yorùbá yóò tètè mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ohun tí a kò bá ṣe ọdún rẹ̀, ọmọ tí a óò bí lẹ́yìn ọ̀la kò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1970, wọ́n rìn láti Greenwich Village títí dé Central Park. Wọ́n rìn ní Los Angeles lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì ti rìn ní Chicago ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ní New York, ìwọ̀nba ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn pé wọn yóò sọ wọ́n lókòó. Nígbà tí wọ́n fi dé ọgbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Òfin kò yí padà lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1973, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé àìsàn wọn. Ní 1980, ilé ẹjọ́ New York fagi lé òfin tó sọ ọ́ di ọ̀ràn ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà bákan náà, ní 2015, ó dájọ́ pé wọ́n lè ṣe ìgbéyàwó. Láti òru ọjọ́ ìjà títí di ọjọ́ ìdájọ́ yẹn, ọdún 46 ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ju kọ́bọ̀ ni kò sí láyé mọ́ láti rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé bí àwọn kan ṣe lè rò. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 kò dúró lórí ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo nìkan, èyí tí ó la ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lọ. Ó tún sọ pé ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ tàbí ilé ìgbafẹ́ irú wọn sílẹ̀, tàbí tó bá kópa nínú rẹ̀, yóò lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ìdí ibi ìpàdé ni òfin náà lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ọtí New York ti ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá ya wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, nílùú Èkó, wọ́n sì kó ọkùnrin 57. Ọlọ́pàá ní wọ́n ń gba àwọn ènìyàn wọ ẹgbẹ́ ni. Àwọn tí wọ́n mú ní ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n gbé orúkọ àti ojú wọn fún ayé rí. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé ẹjọ́ náà, nítorí pé àwọn tó pe ẹjọ́ kò mú ẹlẹ́rìí wá. Ọdún méjì ti kọjá. Ẹni tó ti pàdánù iṣẹ́ àti ẹbí láàárín ọdún méjì, ìwé ilé ẹjọ́ wo ni yóò dá a padà fún un?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, ni kò fara mọ́ irú ìfẹ́ yìí, wọn kò sì fi pamọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà kó tó rí i. Òfin tó bá mú kí apá kan nínú ará ìlú máa bẹ̀rù láti fẹnu sọ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn, owó ló ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní kóńdó lọ́wọ́. Lónìí, ọlọ́pàá á dá ọ̀dọ́ dúró, á gba fóònù rẹ̀, á wo àwòrán inú rẹ̀, á sì ní kó sanwó bí kò bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́. Ọ̀dọ́ náà lè máà jẹ́ ohun tí wọ́n pè é. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 láti ní kí wọ́n tú ẹ̀ka SARS ká mọ̀ pé irun, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti aṣọ tó wuni tó láti sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀daràn lójú ọ̀nà. Bí ìlú bá gbà kí wọ́n fi ojú olè wo ẹnì kan nítorí ibi tó jókòó sí, kò sí ẹni tó mọ ìjókòó tó kàn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Ààrẹ Obama sọ Stonewall àti ọgbà tó wà ní iwájú rẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, nígbà tí ìjà náà pé àádọ́ta ọdún, ọ̀gá ọlọ́pàá New York, James O'Neill, jáde, ó sì tọrọ àforíjì. Ó gbà pé ohun tí àwọn ọlọ́pàá ṣe kò dára, àwọn òfin tí wọ́n tẹ̀ lé náà kò sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà pẹ̀lú ìjà kì í ṣe ogún tí ẹnikẹ́ni lè sùn lé lórí. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ yọ ọ̀rọ̀ nípa àwọn bíi Marsha àti Sylvia, àwọn tí a bí ní akọ tó ń gbé ayé bí obìnrin, kúrò nínú àkọsílẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ibi ìrántí náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn ti kóra jọ sínú ọgbà náà, níbi tí àwọn ọmọ tí òbí lé jáde ń sùn ní ọdún 1969, láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ilé ọtí ti padà wà nínú ilé náà báyìí. Ó ní ìwé àṣẹ, ó sì ní omi. Ẹnikẹ́ni lè wọlé láì kọ orúkọ irọ́ sínú ìwé. Bí iná bá ṣàdédé tàn nínú ilé lóru, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, wọ́n fẹ́ ti ilé, kí oníbàárà máa lọ sílé rẹ̀.